Ọmọ fẹ́ kọ́ ìránṣọ nílé, òbí ló máa jókòó tì í: ibo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ọmọ Méjì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin aránṣọ wa. Ọmọbìnrin ọdún 12 fẹ́ kọ́ ìránṣọ nínú ìsinmi ilé-ìwé yìí. Máṣíìnì olórí dúdú, Butterfly onípẹ́dà, ló wà nílé. Èmi ìyá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́tí aṣọ àti bí wọ́n ṣe ń rán ibi tó ya, ìmọ̀ mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni kó kọ́kọ́ ṣe? Kí ni iṣẹ́ tèmi níbẹ̀, kí sì ni mi ò gbọdọ̀ dá sí? Ẹ bá mi dárúkọ aṣọ àkọ́kọ́ tó lè rán tí èèyàn á sì lè wọ̀ jáde.

Olówùú:
Ẹ jẹ́ kó fi ọwọ́ rán ná fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ aṣọ tó ń jáde kì í jáyà nígbà tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì bá ń sáré.

Ẹ fún un ní ègé àńkárá kan, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà márùn-ún sí i. Òwú tó máa lò kò gbọdọ̀ gùn ju láti orí ìka dé ìgbọ̀nwọ́ lọ, bí íǹṣì 18. Èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ńṣe ló máa ń lọ́ mọ́ra wọn tó ń ta kókó. Kó gé orí òwú ní dídàgẹ̀rẹ̀ kó tó kì í bọ ojú abẹ́rẹ́. Ìlà méjì àkọ́kọ́, kó máa rán an lọ ní gbọọrọ, kí ẹsẹ̀ ìrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi ¼ íǹṣì. Ìlà méjì tó tẹ̀ lé e, kó máa padà sẹ́yìn kó tó lọ síwájú, torí irú ìrán yẹn ló lágbára jù nínú ìrán ọwọ́. Ìlà karùn-ún, kó ṣẹ́tí. Lẹ́yìn náà kó lẹ bọ́tìnnì mẹ́ta.

Bí aṣọ bá súnkì lójú ibi tó rán, ó ń fa òwú le jù ni. Ẹ ní kó fi àtàǹpàkò tẹ́ ojú ìrán náà lẹ́yìn gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rin márùn-ún, á tún ara rẹ̀ ṣe.

Agbọ́máṣíìnì:
Ọ̀rọ̀ pẹ́dà ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti máa ń sá kúrò nídìí iṣẹ́ yìí.

Ẹ yọ abẹ́rẹ́ kúrò lára máṣíìnì. Irin ribiti kan wà láàárín wíìlì tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Ẹ di wíìlì mú dáadáa, kí ẹ yí irin náà sọ́dọ̀ ara yín títí á fi dẹ̀. Tó bá ti dẹ̀, wíìlì á máa yí ṣùgbọ́n apá abẹ́rẹ́ ò ní mira. Kí ọmọ wá jókòó, kó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lé pẹ́dà, kí ọ̀kan wà níwájú díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló máa fi ta wíìlì sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ á sì gbà á lọ. Ọjọ́ kan péré ni kó fi ṣe èyí, ìdajì wákàtí láàárọ̀, ìdajì wákàtí nírọ̀lẹ́. Ohun tó ń wá ni pé kí wíìlì máa yí sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan, láìyí padà, kó sì lè dá a dúró nígbà tó bá fẹ́.

Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé nígbà tí òwú bá ti wà nínú máṣíìnì, tí wíìlì bá wá yí padà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òwú á wé mọ́ inú ilé bọ́bììnì (ibi tí òwú ìsàlẹ̀ wà), á sì já. Ọmọ á rò pé òun ti ba máṣíìnì jẹ́.

Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tó pẹ́dà dáadáa, ẹ wá àga tó kúrú. Ẹ má jẹ́ kó jókòó sétí àga kó máa na ẹsẹ̀. Kí ìmú rẹ̀ kọjú sí abẹ́rẹ́ gan-an. Àwọn ọmọ sábà máa ń jókòó sí àárín tábìlì, ojú ìrán wọn á sì máa wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọjà:
Lẹ́yìn pẹ́dà, ìwé ló kàn. Ẹ ya ewé mélòó kan nínú ìwé onílà, ẹ dá abẹ́rẹ́ padà, ẹ mú irin wíìlì le, ẹ má fi òwú sí i. Kó máa tẹ̀ lé ìlà. Tó bá tán, kó na ìwé náà sí ìmọ́lẹ̀ kó wo bí ihò ṣe tò. Tí ìlà gbọọrọ bá ti dára, kó fi ife ya òbìrìkìtì, kó rán an yí po. Lẹ́yìn náà kó ya igun mẹ́rin. Tó bá dé igun, kó dúró, kí abẹ́rẹ́ wà nínú ìwé, kó gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì (irin tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ nídìí abẹ́rẹ́) sókè, kó yí ìwé, kó dá ẹsẹ̀ padà sílẹ̀, kó máa lọ. Ọmọ tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí igun lórí ìwé ti mọ bó ṣe máa rán àpò, ìrọ̀rí àti etí aṣọ.

Olówùú:
Télọ̀, mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ìwé máa ń jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kú, kó má mú mọ́ o. Abẹ́rẹ́ àtijọ́ ni kí wọ́n fi rán ìwé, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ kó tó kan aṣọ. Abẹ́rẹ́ tó ti kú máa ń fo ẹsẹ̀ ìrán, ó sì máa ń fa òwú ara aṣọ yọ.

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọjà:
Òótọ́ ni. Nọ́ńbà 14 ni kí wọ́n rà fún àńkárá. 11 fún aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, 16 fún kaki.

Abẹ́rẹ́-ò-ṣì:
Ìyá Ọmọ Méjì, ẹ bi wá léèrè iṣẹ́ tiyín. Ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn kí ó má baà sọnù sáàárín ọ̀rọ̀ máṣíìnì.

Ẹ jókòó sápá òsì rẹ̀. Ẹ má dúró sẹ́yìn rẹ̀, torí ọmọ tó mọ̀ pé ẹnìkan ń yọjú lórí èjìká òun kì í lè tẹjú mọ́ ìlà. Kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bá a wo bó ṣe ki òwú, láti orí igi òwú dé ojú abẹ́rẹ́. Ẹ má bá a kì í. Tó bá ṣì í, ẹ ní kó yọ gbogbo rẹ̀ kó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta á ti máa ṣe é láìwo yín lójú.

Tí aṣọ bá tóbi tó sì wúwo, ẹ bá a gbé èyí tó ń jáde lẹ́yìn máṣíìnì dání. Ẹ gbé e dání lásán ni o, ẹ má fà á. Eyín tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì ló ń fa aṣọ lọ, tí ọwọ́ yín bá sì fi ti yín kún un, abẹ́rẹ́ á tẹ̀, á gbá irin ìsàlẹ̀, á ṣẹ́. Èyí ló ń ṣẹ́ abẹ́rẹ́ jù nílé tí òbí àti ọmọ ti jọ ń rán aṣọ.

Kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ gidi, ẹ bá a fi tépù wọn ohun tó sàmì sí. Ìrán tó bá bàjẹ́ ṣeé tú, gígé ò ṣeé dá padà. Ibẹ̀ nìkan ni kí ẹ ti ní àṣẹ láti sọ pé "dúró".

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe: ẹ má gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ "kí n kàn bá ẹ tún ibí yìí ṣe." Ẹ má sì tú iṣẹ́ rẹ̀ lálẹ́ kí ẹ tún un rán nígbà tó bá ti sùn. Ọmọ á mọ̀. Tí ojú ìrán bá yẹ̀ kúrò lórí ìlà tí kò tó ⅛ íǹṣì, ẹ fi sílẹ̀. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun fúnra rẹ̀ ni kó tú u. Ẹ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú: kó fi orí sísọ́ọ̀sì kékeré gé ẹsẹ̀ ìrán kan nínú mẹ́rin lójú kan, kó wá fa òwú ojú kejì, gbogbo rẹ̀ á jáde lẹ́ẹ̀kan. Kó má fi bíléèdì tú u. Bíléèdì máa ń já aṣọ, ó sì máa ń já ìka.

Ẹ má sọ̀rọ̀ sí i nígbà tí máṣíìnì bá ń lọ, kódà kó jẹ́ ìyìn. Ó máa gbé ojú sókè ni, abẹ́rẹ́ ò sì ní dúró dè é. Ìka rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí abẹ́rẹ́ tó íǹṣì méjì. Nígbàkígbà tí ọwọ́ bá fẹ́ wọ abẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì, ẹsẹ̀ méjèèjì á kọ́kọ́ kúrò lórí pẹ́dà. Èyí, ẹ má gbà á láyè fún un rárá kó gbàgbé rẹ̀.

Ìyá Ọmọ Méjì:
Ẹ ṣé gan-an ni. A ti ṣe ti ọwọ́, ti pẹ́dà àti ti ìwé. Nígbà tó fi òwú sí i, òwú dì jọ bí ìtẹ́ ẹyẹ lábẹ́ aṣọ. Ẹnìkan ní kí n yí skúrù ilé bọ́bììnì.

Agbọ́máṣíìnì:
Ẹ má fọwọ́ kan skúrù yẹn o! Òwú tó dì jọ lábẹ́, òwú òkè ló sábà ń fà á. Ẹ gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì sókè, ẹ yọ òwú òkè, kí ẹ tún un kì. Tí ẹsẹ̀ máṣíìnì bá wà nílẹ̀ nígbà tí ẹ ń ki òwú, àwo méjì tó ń fún òwú ti pa ẹnu dé, òwú ò ní wọ àárín wọn, á kàn máa tú jáde wọ́rọ́wọ́rọ́.

Lẹ́yìn náà ẹ wo abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ kan lókè rẹ̀ pẹlẹbẹ. Ẹ̀gbẹ́ kejì ní ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn wá sílẹ̀ dé ojú abẹ́rẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà yẹn ni òwú gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Ẹ tì í sókè títí kò fi lè lọ mọ́ kí ẹ tó mú skúrù rẹ̀ le. Tí kò bá dókè tán, á máa fo ẹsẹ̀ ìrán.

Láti mọ̀ bóyá òwú òkè àti ti ìsàlẹ̀ bára mu, ẹ fi pupa sókè, ẹ fi funfun sí bọ́bììnì, kí ẹ rán ègé aṣọ tí ẹ ká sí méjì. Tí funfun bá ń yọjú lókè, òwú òkè ti le jù, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Tí pupa bá na gbalaja lábẹ́, òwú òkè ti dẹ̀ jù, ẹ mú un le. Ìdajì ìyípo kan ni kí ẹ máa yí i, kí ẹ sì tún dán an wò. Ní ti ilé bọ́bììnì, ẹ fi òwú rẹ̀ gbé e rọ̀. Kò gbọdọ̀ já bọ́ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbọn ọwọ́ díẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀ bí íǹṣì kan. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹ tún ní kó fa òwú méjèèjì sẹ́yìn tó íǹṣì mẹ́rin, kó fi ìka tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ fún ẹsẹ̀ ìrán mẹ́ta àkọ́kọ́.

Òróró máṣíìnì nìkan ni kí ẹ fi sí i. Òróró ẹ̀pà tàbí àdí máa ń gan, á sì mú ẹ̀rọ náà le bí òkúta. Ẹ̀kán kan ní ihò kọ̀ọ̀kan tó. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ rán àkísà tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí òróró má baà kan aṣọ tó mọ́.

Ará Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ jọ̀ọ́, a ń ka èyí láti ìhín. Oníná ni máṣíìnì tiwa, ó sì ń sáré ju ọmọ lọ.

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọjà:
Ẹ wò ó bóyá ó ní ibi tí wọ́n ti ń dín eré rẹ̀ kù, kí ẹ fà á dé ìdajì tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Tí kò bá ní, ẹ ká aṣọ kékeré sábẹ́ ìdérí pẹ́dà, kò ní lè tẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀. Ẹ fi gígùn ẹsẹ̀ ìrán sí 2.5. Ọmọ kò gbọdọ̀ wọ bàtà nídìí rẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè mọ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ tó.

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọjà:
Ní ti aṣọ àkọ́kọ́: ìró, lẹ́yìn náà bùbá. Ìyá ló máa wọ̀ ọ́. Aṣọ tó rọrùn gé jù lọ ní ilẹ̀ wa ni bùbá, torí igun mẹ́rin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ ra àńkárá. Ẹ má ra ṣifọ́ọ̀nù, sàtíìnì tàbí léèsì fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, torí wọ́n máa ń yọ̀ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì. Ẹ rẹ aṣọ náà sómi, ẹ sá a síbi òjìji, ẹ lọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e, kó lè súnkì tán.

Ìró yáàdì méjì, ibi méjì péré tí wọ́n ti gé e ló nílò ìṣẹ́tí. Etí aṣọ láti ilé-iṣẹ́ kì í tú. Kó ṣẹ́ ¼ íǹṣì, kó lọ̀ ọ́, kó tún ṣẹ́ ½ íǹṣì, kó lọ̀ ọ́, kó wá rán an. Ẹ̀gbẹ́ kan tó íǹṣì 45, nǹkan bí íǹṣì 90 ni ó máa rán lápapọ̀, gbogbo rẹ̀ gbọọrọ.

Bùbá náà nìyí, fún àyà íǹṣì 36. Ẹ pín 36 sí mẹ́rin, ó di 9. Ẹ fi 2½ kún un kó lè fẹ̀, ẹ fi ½ kún un fún ààyè ìrán. Ó di 12. Gígùn bùbá 27, ìṣẹ́tí 1½, ó di 28½. Níwọ̀n bí iwájú àti ẹ̀yìn ti so pọ̀ léjìká, ẹ máa gé aṣọ tó fẹ̀ ní íǹṣì 24, tó gùn ní íǹṣì 57, kí gígùn rẹ̀ tẹ̀ lé etí aṣọ. Yáàdì méjì tó.

Nínú fífẹ̀ 45 ó ṣẹ́ ku 21. Inú rẹ̀ ni apá méjèèjì ti máa jáde. Ẹ wọn ìyá láti egungun ọrùn lẹ́yìn, gba orí èjìká, dé ibi tó fẹ́ kí apá bùbá dúró. Ká ní ó jẹ́ 29. Ẹ yọ 11½ tó jẹ́ ìdajì fífẹ̀ ara bùbá lẹ́yìn ìrán. Ó ku 17½. Ẹ fi ½ kún un fún ìrán àti 1 fún ìṣẹ́tí: 19. Fífẹ̀ apá kọ̀ọ̀kan, 18. Ọ̀pọ̀ ni kì í yọ 11½ yìí, ìdí nìyẹn tí apá bùbá wọn fi máa ń bo ìka mọ́lẹ̀. Èyí tó bá kù nínú aṣọ, ẹ fi pamọ́ fún aṣọ inú ọrùn, ìyẹn ègé tí wọ́n ń rán mọ́ etí ọrùn kí wọ́n tó yí i sínú.

Ọrùn ló ṣòro. Ẹ ká ara bùbá sí méjì lóròó, kí ẹ tún ká a sí méjì ní ìbú, kó di ìpele mẹ́rin. Ní igun tí ìká méjèèjì ti pàdé, ẹ wọn 3½ lọ sí èjìká, àti 1 wá sílẹ̀. Ẹ ya ìlà róbótó, kí ẹ gé ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí iwájú kúrò lórí ẹ̀yìn, kí ẹ gé iwájú nìkan dé 5. Tí wọ́n bá gé 5 gba ìpele mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọrùn ẹ̀yìn á jìn, bùbá á sì máa ṣubú kúrò léjìká. Ẹ fi ìwé sìmẹ́ǹtì gé ọrùn yìí ná kí ẹ tó kan aṣọ. Ibi tí ìrán máa gbà, tó fi ½ íǹṣì jìnnà sí etí, ni kí ẹ fi tépù wọn yí ká: ó gbọ́dọ̀ ju yíyípo orí ìyá lọ. Tí kò bá tó, ẹ la ẹ̀yìn ọrùn sílẹ̀ ní íǹṣì mẹ́rin.

Bó ṣe máa rán an: ọrùn ló kọ́kọ́ máa ṣe nígbà tí aṣọ ṣì tẹ́ pẹrẹsẹ. Apá ló kàn, kí àárín apá bá ìká èjìká mu. Kó wá dojú aṣọ kọ ojú aṣọ, kó rán an láti ẹnu ọwọ́ dé abíyá, kó sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kó dá a dúró ní íǹṣì mẹ́ta sí ìsàlẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ lè là. Kó rán abíyá lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ló máa ń ya. Ìṣẹ́tí ló kẹ́yìn.

Abẹ́rẹ́-ò-ṣì:
Télọ̀, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Tí àńkárá bá ní àwòrán ẹyẹ tàbí ohunkóhun tó ní orí, èyí tó wà lẹ́yìn á dorí kodò tí èjìká bá so pọ̀. Nínú irú aṣọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gé iwájú àti ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n fi ½ íǹṣì kún èjìká ìkọ̀ọ̀kan fún ìrán.

Níbi tí kò bá sí ẹni tó ń ṣe wíìfù (fífi máṣíìnì di etí aṣọ kó má baà tú) nítòsí, ẹ̀gbẹ́ ṣeé rán lẹ́ẹ̀mejì. Kó kọ́kọ́ dẹ̀yìn aṣọ kọ ẹ̀yìn aṣọ, kó rán an ní ¼ íǹṣì, kó gé etí rẹ̀ ku ⅛. Kó wá yí i, kí ojú kọ ojú, kó rán ¼ mìíràn. Etí tó ń tú á ti há sínú.

Ìyá Ọmọ Méjì:
Bùbá ti jáde o, ẹ ṣé gan-an! Èjìká dọ́gba, apá ò gùn jù. Ọrùn nìkan ni aṣọ inú rẹ̀ ń yọjú síta, ó sì dà bíi pé ó ń súnkì níwájú.

Télọ̀ Ìsàlẹ̀ Ọjà:
Ẹ kú oríire, ẹ bá wa kí ọmọ náà. Ó súnkì nítorí pé wọn ò gé ìkọ sí ibi tó róbótó. Ẹ yí aṣọ inú padà síta, kí ọmọ fi orí sísọ́ọ̀sì gé ìkọ kéékèèké láti etí wá síbi ìrán, ìkọ kan ní ½ íǹṣì kọ̀ọ̀kan, kó má kan òwú, kó ku ⅛. Kó wá tẹ́ gbogbo ààyè ìrán yẹn sí ìhà aṣọ inú, kó rán an mọ́ aṣọ inú nìkan, ní ⅛ íǹṣì sí ojú ìrán. Ojú bùbá ò gbọdọ̀ sí lábẹ́ abẹ́rẹ́ nígbà yẹn. Tó bá ti yí i padà sínú tó sì lọ̀ ọ́, kò ní yọjú mọ́. Kó fi ọwọ́ rán etí aṣọ inú náà mọ́ èjìká ní ẹsẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta lọ́tùn-ún lósì.